Maki Asakawa: Akọrin Jáàsì Tí Kò Fi Èdè Abínibí Rẹ̀ Sílẹ̀

Bí ènìyàn bá ń wá orin tí yóò máa gbọ́ bí ó ti ń gbálẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, kí ó má ṣe dé ọ̀dọ̀ Maki Asakawa. Orin òru ni tirẹ̀. Ohùn rẹ̀ wúwo, ó lọ sílẹ̀, kò sì kánjú. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ máa ń dé lẹ́yìn ìlù díẹ̀, bí ìgbà tí ẹnì kan mọ̀ pé ibi tí òun ń lọ kò ní sá kúrò níbẹ̀. Aṣọ dúdú ló máa ń wọ̀. Irun rẹ̀ dúdú, ó gùn, ó sì máa ń lẹ irun gígùn mọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀. Orí ìtàgé tí ó ti ń kọrin kì í mọ́lẹ̀ púpọ̀. Èéfín sìgá nìkan ni ó máa ń rìn káàkiri níbẹ̀ fàlàlà. Àwọn ará Japan sọ ọ́ ní ọbabìnrin abẹ́ ilẹ̀, nítorí pé láàárín àwọn òṣèré tí wọn kì í bá ọjà ńlá ṣe ni ó fi ìtẹ́ rẹ̀ sí.

Ó fi ohun tó lé ní ogójì ọdún kọrin, ó sì ṣe àwo orin tó pọ̀. Kì í ṣe adùn ohùn rẹ̀ nìkan ló mú mi gbé ìtàn rẹ̀ wá síwájú ẹ̀yin olùkàwé wa lọ́sẹ̀ yìí. Ìbéèrè kan wà tí kò sí ẹni tó ń fi èdè abínibí ṣe iṣẹ́ ọnà tí kò ní bá a pàdé: ǹjẹ́ a lè gba orin àjèjì wọlé, kí a sì kọ ọ́ ní èdè wa, tí orin náà kò ní bàjẹ́, tí èdè náà kò sì ní di yẹ̀yẹ́? Asakawa fi gbogbo ayé rẹ̀ dáhùn ìbéèrè yìí. Ìdáhùn náà dára. Kò sì rọrùn.

Bí jáàsì ṣe wọ Japan

Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló dá jáàsì àti búlúùsì sílẹ̀. Láàárín ọdún 1920 sí 1930, jáàsì ti dé àwọn ìlú elébùúté bíi Kobe àti Osaka. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé pẹ̀lú àwọn olórin tó ń rìnrìn àjò. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín Japan àti Amẹ́ríkà, ìjọba kéde jáàsì ní orin ọ̀tá, wọ́n sì fi òfin dè é. Lọ́dún 1945, Japan túúbá. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà wọlé, wọ́n sì kọ́ àgọ́ síbi púpọ̀. Nínú àgọ́ wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ olórin Japan ti kọ́ iṣẹ́, nítorí pé àwọn sójà ń fẹ́ ohun tí wọn yóò jó sí lálaalẹ́, owó sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá lè ṣe é.

Àwọn tí kì í ṣe olórin náà ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́ etí. Àwo orin láti òkè òkun wọ́n gógó, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè rà á. Nítorí náà ni àwọn ilé kọfí kan fi ra ẹ̀rọ tó dára àti àwo púpọ̀, kí oníbàárà lè san owó ife kọfí kan, kí ó sì jókòó gbọ́ orin fún wákàtí púpọ̀. Nínú òmíràn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tí onílù Art Blakey kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wá láti Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1961, àwọn tó mọ orin wọn dunjú ti ń dúró dè wọ́n.

Àmọ́ ìṣòro kan kù. Ẹni tó ń lu dùùrù tàbí tó ń fọn fèrè lè bá ará Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ láìla ẹnu. Akọrin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti yanu, èdè kan ni yóò jáde. Èwo ni kí ó jẹ́?

Láti ọ́fíìsì ìlú kékeré dé abẹ́ ilẹ̀ Shinjuku

Ọjọ́ 27 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1942 ni wọ́n bí Maki Asakawa ní ìpínlẹ̀ Ishikawa, níhà ibi tí òkun ti ya Japan nípa sí ilẹ̀ Korea. Asakawa ni orúkọ ìdílé rẹ̀. Nígbà tí ó jáde ilé ìwé gíga, ó gba iṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìlú rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń rí sí owó ìfẹ̀yìntì àwọn ará ìlú. Irú iṣẹ́ tí òbí ń fẹ́ fún ọmọ ni: owó oṣù kì í yẹ̀, ojúmọ́ kan kò sì yàtọ̀ sí èkejì. Kò pẹ́ níbẹ̀. Ó di ẹrù rẹ̀, ó forí lé Tokyo.

Àwọn àgọ́ ọmọ ogun Amẹ́ríkà àti ilé ìgbafẹ́ alẹ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Àwọn obìnrin Amẹ́ríkà méjì ló fi ṣe àwòkọ́ṣe: Mahalia Jackson tó ń kọ orin ìyìn nínú ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú, àti Billie Holiday tó jẹ́ pé bí ó bá kọ orin ìfẹ́ lásán, ńṣe ni yóò dà bíi pé ó ń jẹ́rìí ní kóòtù. Lọ́dún 1967, ilé iṣẹ́ àwo orin kan gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Irú orin tí ọjà ń fẹ́ nígbà náà ni. Àwo náà kò mú un dé ibì kankan.

Ẹni tó ṣí ilẹ̀kùn fún un ni Shuji Terayama, akéwì àti òǹkọ̀wé eré tó dá ẹgbẹ́ òṣèré Tenjo Sajiki sílẹ̀ lọ́dún 1967. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 1968, wọ́n gbé Asakawa sórí ìtàgé fún alẹ́ mẹ́ta ní Sasori-za, gbọ̀ngàn kékeré kan tó wà lábẹ́ ilé sinimá ní Shinjuku. Àkeekèé ni ìtumọ̀ orúkọ gbọ̀ngàn náà. Ibùdó àwọn ọ̀dọ́ ni Shinjuku jẹ́ lọ́dún náà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń bá ọlọ́pàá fìjà pẹẹ́ta lójú títì nítorí ogun Vietnam, àwọn akéwì, ayàwòrán àti onísinimá sì ń ṣe ohun tí àwọn àgbà kò lè fara mọ́. Àárín wọn ni obìnrin aláṣọ dúdú yìí bọ́ sí. Kò pariwo lé ẹnikẹ́ni lórí. Ó kàn ń kọrin nípa àwọn tí ìlú ńlá ti gbé mì.

Lọ́dún 1969, ó gbé àwo tuntun jáde ní ilé iṣẹ́ Toshiba. Ojú kan gbé "Yo ga aketara", tó túmọ̀ sí "Bí ilẹ̀ bá mọ́". Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ̀rọ̀ àti ohùn orin náà, nípa ẹni tó fẹ́ fi ìlú sílẹ̀ ní kùtùkùtù. Ojú kejì gbé "Kamome", ẹyẹ ojú òkun, tí Terayama kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lọ́dún 1970, àwo ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́ tẹ̀ lé e: "Asakawa Maki no Sekai", èyí ni "Ayé Maki Asakawa". Orúkọ náà bá a mu. Ayé kan ni lóòótọ́, ó sì ní ìlẹ̀kùn tirẹ̀.

Iṣẹ́ tó wà nínú yíyí orin padà

Ní ìhín yìí ni ó yẹ kí àwa tó ń sọ Yorùbá fara balẹ̀, nítorí pé ohun tó bá Asakawa jà kò ṣàjèjì sí wa.

Èdè Japan àti èdè Yorùbá kì í ṣe mọ̀lẹ́bí rárá, ṣùgbọ́n ìṣe wọn jọra ní ọ̀nà méjì. Èkíní, èdè méjèèjì kì í fẹ́ kí kóńsónáǹtì dì mọ́ra wọn. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi ń pe búlúùsì, sílébù kan ṣoṣo ni lẹ́nu ẹni tó ni ín. Nígbà tí ó dé ẹnu wa, ó di bú-lú-ù-sì, sílébù mẹ́rin. Nígbà tí ó dé Japan, ó di bu-ru-u-su, ìlù mẹ́rin bákan náà. Kódà, bí "ń" ṣe dá dúró gẹ́gẹ́ bíi sílébù nínú oróńbó, bẹ́ẹ̀ ni "n" ṣe dá dúró nínú Shinjuku: shi-n-ju-ku. Kí ni èyí já sí fún akọrin? Ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe "èmi", sílébù kan ni. "Watashi" ti èdè Japan jẹ́ mẹ́ta. Ìlà orin Gẹ̀ẹ́sì tó bá kún dáadáa yóò ṣàn dànù bí a bá túmọ̀ rẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ ní èdè Japan gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò mú àti ohun tí yóò fi sílẹ̀.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ohùn. Èdè Japan kò ní ohùn mẹ́ta bíi tiwa, ṣùgbọ́n gbígbé ohùn sókè tàbí rírẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lè yí ìtumọ̀ padà. Ní Tokyo, bí a bá gbé ìbẹ̀rẹ̀ "ame" sókè, òjò ni a ń sọ; bí a bá rẹ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ tí a gbé òpin rẹ̀ sókè, suwíìtì ni. Bí ohùn orin bá wá ta ko ohùn èdè, etí olùgbọ́ yóò kọsẹ̀. Àwa náà ti jẹ ìyà yìí rí. Nígbà tí àwọn ìjọ àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa túmọ̀ orin ìsìn Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n sì fi í sórí ohùn orin àwọn òyìnbó, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ló sọ ìtumọ̀ rẹ̀ nù sójú ọ̀nà. Ohun tó mú àwọn bíi Josiah Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fela, àti A. T. Olude ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì kọ orin ìsìn tó ń tẹ̀ lé ohùn Yorùbá nìyẹn.

Asakawa kò túmọ̀ orin lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń mú ìtàn inú orin náà, yóò sì tún un sọ bí ẹni tó bá wọn gbé níbẹ̀. Àpẹẹrẹ tó dára jù lójú mi ni orin àtijọ́ Amẹ́ríkà kan nípa ilé kan ní New Orleans tí wọ́n ń pè ní ilé oòrùn tó ń yọ. Ẹgbẹ́ The Animals láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ lọ́dún 1964, ó sì tàn kálẹ̀ gbogbo ayé. Ohùn ọkùnrin ni wọ́n fi sọ ọ́. Asakawa dá a padà sí ẹnu obìnrin. Ó fi ilé náà sílẹ̀ ní New Orleans níbi tó wà, ṣùgbọ́n ó fún un ní orúkọ tuntun: "Asahirō". Asahi ni oòrùn òwúrọ̀. "Rō" ni ilé alájà, ọ̀rọ̀ náà ló sì máa ń wà níparí orúkọ àwọn ilé tí wọ́n ti ń ta ara obìnrin ní Japan láyé àtijọ́. Sílébù kan péré ló fi kún un, síbẹ̀ gbogbo ará Japan tó bá gbọ́ orúkọ náà mọ irú ilé tó jẹ́, àti ohun tó gbé obìnrin náà dé ibẹ̀. Kò nílò àlàyé. Naomi Chiaki, ọ̀kan nínú àwọn akọrin tí Japan bọ̀wọ̀ fún jù, náà wá kọ ọ́ nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ Asakawa ni ó sì lò.

Bákan náà ni ó ṣe sí orin ilé ìwòsàn St. James, tí Louis Armstrong ti kọ sínú àwo lọ́dún 1928: ẹnì kan lọ wo olólùfẹ́ rẹ̀ nílé ìwòsàn, òkú ni ó bá. Ìbànújẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní orílẹ̀-èdè. Ohun tí Asakawa ṣe ni pé ó mú àjèjì kúrò lára rẹ̀.

Ohùn tó mọ ìgbà tí yóò dákẹ́

Ọ̀pọ̀ akọrin ló máa ń fi ohùn hàn wá bí ẹni tó ń tẹ́ aṣọ sílẹ̀ lọ́jà. Asakawa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kì í lọ sókè kí a lè pàtẹ́wọ́. Kì í gbọn ohùn láìnídìí. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ ni ó ń sọ ju orin lọ. Ìgbà mìíràn sì wà tí yóò dá kọrin láìsí ohun èlò kankan lẹ́yìn rẹ̀. Bí gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ bá wà níbẹ̀, yóò jẹ́ kí ó sọ tirẹ̀ tán kí ó tó dá a lóhùn. Ẹni tó bá mọ bí onírárà ṣe ń dá ẹnu dúró kí ìyá ìlù lè fèsì, yóò mọ ohun tí mò ń sọ.

Èyí ló fà á tí àwọn olórin jáàsì tí orí wọn gbóná jù ní Japan fi ń wá bá a ṣiṣẹ́. Yosuke Yamashita, tó máa ń fi ìkúùkù àti ìgbọ̀nwọ́ lu dùùrù, wà lára wọn; ọdún kan náà ni a bí àwọn méjèèjì. Akira Sakata tó ń fọn fèrè sàsófóònù bá a ṣe é. Lọ́dún 1982, òun àti Toshinori Kondo, afọnfèrè tí kì í tẹ̀ lé òfin ẹnikẹ́ni, jọ ṣe àwo "Cat Nap". Bí ẹ bá fi àwo yìí wé "Blue Spirit Blues" ti ọdún 1972, tí orúkọ rẹ̀ wá láti inú orin Bessie Smith, ẹ ó rí i pé ariwo tó yí i ká yàtọ̀ pátápátá. Ohùn inú rẹ̀ kò yàtọ̀. Ìjì ń jà, òpó ilé dúró.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ọ̀nà tí Asakawa gbà nìkan ló tọ́. Kimiko Kasai, tí wọ́n bí ní Kyoto lọ́dún 1945, gba ọ̀nà mìíràn. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ púpọ̀ nínú orin rẹ̀. Ó bá Gil Evans, ọ̀gá nínú títo ohùn orin, ṣiṣẹ́ lọ́dún 1972, ó sì bá Herbie Hancock ṣe àwo "Butterfly" lọ́dún 1979. Ohùn rẹ̀ mọ́, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já gaara, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí sì ti tún un rí. Kò sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bá ayé dọ́jà ní láti mọ èdè tí ayé ń ná.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ ni pé nígbà tí Kasai bá kọ orin Amẹ́ríkà ní Gẹ̀ẹ́sì, a óò fi í wé Ella Fitzgerald àti Sarah Vaughan, yálà a fẹ́ tàbí a kọ̀. Ọgbà àwọn obìnrin wọ̀nyí ni ó wọ̀, ó sì ṣe dáadáa níbẹ̀. Ta ni a ó wá fi Asakawa wé? Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì ro ni òun ro. Ó gba pé kí àwọn tó gbọ́ òun kéré níye, bí wọ́n bá sáà ti lè gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ohun tó ná an

Ìdúróṣinṣin ní owó tí ó ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Nígbà tí síídì dé, tí àwọn ilé iṣẹ́ àwo sì ń kó orin àtijọ́ sínú rẹ̀ kí wọ́n lè tún un tà, Asakawa kò fẹ́ràn bí ohùn rẹ̀ ṣe ń dún nínú rẹ̀. Nítorí èyí, fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá ń wá púpọ̀ nínú àwọn àwo rẹ̀ kò lè rí wọn rà lórí síídì. Ẹ rò ó wò: akọrin tó jẹ́ pé orí ẹnu ni òkìkí rẹ̀ ń gbé, tó tún wá ti ilẹ̀kùn ọjà mọ́ ara rẹ̀. Àwọn kan yóò pe èyí ní agídí. Mo rí ọgbọ́n inú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò lè sẹ́ pé ó pa á lára. Ìran kan dàgbà ní Japan tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ tí wọn kò mọ ohùn rẹ̀.

Kò fi ìtàgé sílẹ̀ ṣá. Ní ìparí ọdún, ó máa ń kọrin ní Pit Inn, gbọ̀ngàn jáàsì Shinjuku tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1965. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2010, ó lọ sí ìlú Nagoya láti kọrin fún alẹ́ mẹ́ta ní ilé jáàsì kan níbẹ̀. Ọjọ́ 17, ọjọ́ tó yẹ kó kọ ti ìkẹyìn, ni ó kú ní hòtẹ́ẹ̀lì tó wọ̀ sí. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kó pé ẹni ọdún 68.

Bí ohùn rẹ̀ ṣe la òkun kọjá

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn àwo rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Lọ́dún 2015, Honest Jon's, ilé iṣẹ́ àwo orin kan ní London, ṣa àwọn orin rẹ̀ jọ fún àwọn olùgbọ́ òkè òkun. Àwọn onífájì nílẹ̀ wa lè ti bá orúkọ yẹn pàdé: àwọn náà ló gbé "Lagos No Shaking" ti Tony Allen jáde lọ́dún 2006. Báyìí ni obìnrin tí kò fi èdè rẹ̀ sílẹ̀ ṣe dé etí àwọn tí kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tó ń sọ. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ lọ kọ́ èdè Japan. Ohùn náà ti sọ èyí tó pọ̀ jù.

Mi ò ní tan ẹnikẹ́ni: ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú kì í ṣe àkókò tó yẹ kí akọrin gba irú ìyìn bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń kọ orin, ewì àti ìtàn ní Yorùbá mọ irú ìdúró yìí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń gbọ́ ọ pé bí wọ́n bá ṣe é ní Gẹ̀ẹ́sì ni yóò jìnnà. Èmi náà ń gbọ́ ọ. Ìtàn Asakawa kò ṣèlérí owó fún wa, kò sì ṣèlérí pé ayé yóò tètè dé. Ohun tó fi hàn ni pé èdè abínibí kì í ṣe ògiri láàárín iṣẹ́ ọnà àti ayé, bí ẹni tó ń lò ó bá mọ̀ ọ́n débi tí yóò fi mọ sílébù tó yẹ kó fi kún un àti èyí tó yẹ kó yọ.

Fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Yo ga aketara" àti "Kamome", kí ó tó lọ sí "Asahirō". Lẹ́yìn náà ni kí ó gbọ́ "Blue Spirit Blues" láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí ó fi "Cat Nap" ṣe ìkẹyìn, nígbà tí etí bá ti mọ ilé. Ẹ dúró di alẹ́, kí àwọn ọmọ ti sùn, kí ẹ pa iná yàrá, kí ẹ sì gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Orin rẹ̀ kì í bá ohun mìíràn dupò.